Ọkọ̀ Dúró, Fèrè Kò Dúró

Ewú ti gba orí Ìyá Aránṣọ kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń fi kíkọ́ni ní ọkọ̀ jẹun, ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ báyìí, bàbá á yọrí lójú fèrèsé: “Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ o, ìyàwó mi ń jáde!”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kó kọ́tìnnì tó rán fún oníbàárà sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bá a lọ ṣọ́ ọkọ̀ òun.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nígbà tí ìyá tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ńṣe ni ọkọ̀ tún ń sáré sí i. Ìyá figbe ta:

“Bíréèkì ti kọ̀ o!”

“Yéè, mo gbé!” Bàbá nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì.

Ìyá gbá ọwọ́ náà dànù. “Ẹ fi sílẹ̀! Bí ẹ bá pa á, sítíárìn á le! Fèrè ni kí ẹ máa tẹ̀!”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pàṣẹ fún un bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá gba fèrè mú.

Ìyá ń tẹ bíréèkì léraléra bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, pàbó ló já sí. Ó já jíà wálẹ̀, ó tún já a. Ẹ́ńjìnnì han gooro, ṣùgbọ́n eré bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó wá ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kí táyà má baà yọ̀. Níwájú, àwọn bíríkìlà ti da yanrìn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí wọ́n ti gbọ́ fèrè, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá darí ọkọ̀ sínú yanrìn náà, gbìì!

Ọkọ̀ dúró, fèrè kò dúró. Kọ́tìnnì ti ya bo bàbá lórí.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ó ń sọ lábẹ́ aṣọ, “ṣé a ti kú ni?”

“Bí a bá ti kú, ta ló ń tẹ fèrè?”

Ẹ̀rín gbé àwọn méjèèjì. Àwọn bíríkìlà sáré dé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: “Màmá, ẹ kú ewu! Ẹ kú orí ire o!”

Mẹkáníìkì tó wá fa ọkọ̀ ní páìpù òróró bíréèkì ló jò. Bàbá kò dúró gbọ́ tán. Ó ti ń ròyìn fún àwọn tó ń kọjá lọ.

“Ìyàwó mi ni o! Awakọ̀ gidi! Èmi náà kò sì pariwo rárá.”

Ìyá fẹ́ bá a jiyàn, ẹ̀rín ni kò jẹ́.