Etí Ewúrẹ́, Lẹbẹ Ekurá

Bí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò ẹ̀yìn rélùwéè ní Ifọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Kúlúsúmù ni ẹni tó ni ín máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ogójì ọdún ló ti fi ń sin ewúrẹ́. Òun náà ni wọ́n máa ń pè kó wá fi abẹ ṣàmì sétí ọmọ ewúrẹ́ tuntun, kí ẹran ẹnì kan má baà di ti ẹlòmíràn. Kò sí etí tó gé rí tí kò lè dá mọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006 yìí, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kọ́ ló gba Morádéyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ́kàn. Morádéyọ̀ ka ìmọ̀ ẹja ní yunifásítì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní bàọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ekurá funfun, ẹja òkun eléyín bí ayùn tí òyìnbó ń pè ní ṣáàkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣèwádìí nípa wọn ní Gúúsù Áfíríkà ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ó fi ọgọ́fà fọ́tò lẹbẹ ẹ̀yìn ekurá, èyí tó nà ró bí abẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀yìn ẹja náà, ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí i, ó ní kí wọ́n sọ iye ekurá tó wà níbẹ̀. Bí etí lẹbẹ ṣe ya ni wọ́n fi ń mọ ekurá kan yàtọ̀ sí èkejì. Morádéyọ̀ ka mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èsì dé pé ó pọ̀ jù, kó tún un kà, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó tẹ́ fọ́tò náà kalẹ̀ sórí ẹní, ó káwọ́ lérí. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n.

"Ta ló gé etí ewúrẹ́ báyìí? Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ rárá."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹja ni, Ìyá Àgbà. Lẹbẹ ẹ̀yìn wọn ni."

Ìyá Àgbà ti mú méjì. "Ẹyọ kan náà ni méjèèjì yìí."

"Rárá, mà. Ojú gígé mẹ́ta ló wà lára èyí, mẹ́rin ló wà lára ìyẹn."

"Ọmọ yìí, etí tó ti ya kì í padà dí. Ó lè jà, kó tún fi ya sí i. Ṣé o rí mẹ́ta àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n wà? Ìkẹrin ni tuntun."

Morádéyọ̀ wò ó títí. Òótọ́ ni. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Gbogbo ìwé tó kà, kò sí èyí tó fi ewúrẹ́ kún un.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti rí orí márùn-ún tí Morádéyọ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku méjìlélógójì. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà béèrè pé, "Ẹja yìí, ṣé ó tó apá mi?"

"Ó gùn ju yàrá yìí lọ, mà."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ẹran inú òkun. Àwọn tó bá sanra ló fẹ́ràn jù."

Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ náà sì sanra." Ó kó fọ́tò jọ. "Ó tán. Kò sí òmíràn mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Morádéyọ̀ wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù Mùtàlíbù, níbi tí wọ́n ti ń fi íméèlì ránṣẹ́. Ó ti tẹ méjìlélógójì, íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fà bí ìgbín. Ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀, fọ́tò méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má tíì fi ránṣẹ́ o! Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ẹyọ kan ni méjèèjì yìí. Àná ni mo ti rí i."

"Kí ló wá dé, Ìyá Àgbà?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí wọn ò bá mú ọ, o ò ní lọ mọ́. Mo fi wọ́n sábẹ́ ẹní ìkírun. Nígbà tí mo dúró láti kírun àárọ̀, ẹnu mi ò gbé àdúrà kankan."

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó pa méjì rẹ́, ó sì fi ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Mọ́kànlélógójì.

Èsì dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Morádéyọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sókè: òun nìkan ló gbà á, kó máa múra ìrìn-àjò, ọ̀jọ̀gbọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ òun. Mùtàlíbù pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà fi ìborùn nu ojú, lẹ́yìn náà ló tún ohùn ṣe.

"Kọ ọ́ sí i pé èmi ni. Kó o sì kọ ọ́ sí i pé gbogbo àmì tó wà lára ọmọ mi ni mo mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dá a padà, n ó yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. N ò gbọdọ̀ rí ojú gígé tuntun kankan."

Morádéyọ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.