Ohun Tí Ìyàwó Ìwé Kọ

Ìyàwó Ìwé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń pè é, nítorí pé láti kékeré, bí wọ́n bá ń wá a, ìdí ìwé ni wọ́n ti máa ń bá a. Nígbà tó dàgbà, ó di olùwádìí àìsàn jẹjẹrẹ, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló borí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ló ti fi hàn pé oògùn kan tí àwọn dókítà gbójú lé kò ṣiṣẹ́ rárá lára irú jẹjẹrẹ ọmú kan tó le. Ẹ̀dọ̀ aláìsàn ló kàn ń bà jẹ́ lásán. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní tọ́ka sí i. Àwọn ilé ìwòsàn pa oògùn náà tì. Ìyàwó Ìwé sì ti ibẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò ka àpilẹ̀kọ náà rí, síbẹ̀ ó lẹ ojú ewé àkọ́kọ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn.

"Àbúrò mi ló kọ ọ́ o," ló máa ń wí. "Ẹ má bi mí léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ ṣáà bá mi wo bí òyìnbó ẹ̀ ṣe le tó."

Aránṣọ yìí ni kókó yọ lọ́mú rẹ̀. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, tí Ìyàwó Ìwé wò ó, irú jẹjẹrẹ tó kọ̀wé lé lórí yẹn gan-an ni. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oògùn oríṣiríṣi, irun orí rẹ̀ re tán, kókó náà kò yéé tàn kálẹ̀. Níkẹyìn dókítà ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀," ni aránṣọ wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò mi yìí ló ń kọ̀wé lórí àìsàn yìí káyé kà."

"Mo mọ̀ wọ́n, mà. Ìwé wọn la fi kẹ́kọ̀ọ́."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú aláìsàn jáde láti lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, Ìyàwó Ìwé ti ilẹ̀kùn.

"Dókítà, ó ṣì ku oògùn kan."

Dókítà mọ èyí tó ń wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ká má lò ó mọ́, mà."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí dókítà má fún irú aláìsàn yìí ní oògùn náà, bó ti wù kí àwọn ará ilé bẹ̀bẹ̀ tó."

"Nígbà tí mò ń kọ ọ́, mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni."

Dókítà wolẹ̀. "Ẹ dákun, mà. Ṣé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ yẹn ni?"

Ì bá wù ú kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá inú ara rẹ̀ wò, bóyá ó kánjú níbì kan, bóyá ó fojú fo nǹkan kan. Kò rí i.

"Kò sí," ló wí.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò sí oògùn mọ́, Àǹtí mi."

"Oògùn tí orúkọ ẹ̀ wà lókè ìwé ẹ yẹn ńkọ́?"

"Ohun tí mo kọ ni pé kò ṣiṣẹ́."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín di ikọ́. "Gbogbo bí mo ṣe ń yangàn yẹn, ìròyìn burúkú ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

"Òótọ́ ni, mi ò bi ọ́. Nu ojú ẹ, jàre. Má lọ fọkọ̀ pa mí kí àìsàn tó ráyè."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú, nínú ìrora tí kò ṣeé wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyàwó Ìwé tún ìwádìí náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rò pé ìtara iṣẹ́ ni. Àṣìṣe ara rẹ̀ ló ń wá lójú méjèèjì. Ohun tó jáde kò fi bíńtín yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí i, ó fi ránṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti ń tọ́ka sí ìyẹn náà báyìí.