Ohun Tí Gbòǹgbò Bá Lábẹ́ Ilé

Òjò ò dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ igi ọsàn wẹ́wẹ́ inú yàrá Màmá ń ṣe bí ẹni tí òùngbẹ ń pa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ewéko, kúnlẹ̀ tì í, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé. Ó gbóná.

“Ìyá Ewé, ṣé ibà ló ń ṣe é ni?” Màmá bi í láti orí ibùsùn. Ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ìyá yìí, pàápàá lórí igi tó fẹ́ràn ju àwọn tó bí lọ.

“Ẹ jẹ́ n wò ó ná.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun abẹ́ ewé kan, ó bó o bí awọ àlùbọ́sà nígbà tó gbẹ, ó sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá níbi iṣẹ́. Gbogbo ihò tíntìntín tí ewé fi ń mí ló ti padé pinpin. Bí gbòǹgbò bá kan ọ̀gbẹlẹ̀, á fi họ́móònù kan ránṣẹ́ sókè, ewé á sì ti ihò rẹ̀ kí omi tó kù má baà sá lọ. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ inú ìkòkò tutù rinrin.

Ìdajì gbòǹgbò nìyẹn. Ìdajì yòókù ti gba ìdí ìkòkò jáde tipẹ́tipẹ́, ó gba ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ló ń ránṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, kí ló lè gbẹ lábẹ́ ilé nínú irú òjò báyìí?

Ó yọ irin kọ́tìnì, ó tì í bọ ojú ibi tó sán. Irin ń lọ, kò kan nǹkan kan. Atẹ́gùn tútù ń ti ìsàlẹ̀ fẹ́ ẹ lójú. Irin bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dẹtí títí, kò gbọ́ ibi tó balẹ̀ sí.

Òjò ti wọ́ erùpẹ̀ abẹ́ ilé lọ. Inú òfìfo ni gbòǹgbò ń rọ̀ sí, orí òfìfo náà sì ni ibùsùn Màmá wà.

“Màmá,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ dákun, ẹ má mira.”

“Kí lo rí?”

“Ẹ ṣáà dùbúlẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé yín.”

Ó dojú bolẹ̀, ó ń fàyà wọ́ lọ sídìí ibùsùn. Sìmẹ́ńtì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

“Gbé mi lọ síbo? Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè rìn?” Màmá ká aṣọ ìbora kúrò, ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó sì dìde kó lè rí igi ẹ̀ dáadáa.