Fọ́tò Tó Ń Dàgbà

Àbúrò ni ìyá mi ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo jẹ́ àbúrò fún ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ibà mú un lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju fọ́tò dúdú-àti-funfun kan lọ, níbi tó ti wọ aṣọ iléèwé, tó káwọ́ gbera, tó dijú mágbárí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà kun irú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Àwọn èèyàn á gbé òbí wọn àgbà wá, omi ti ba tibí jẹ́, ikán ti jẹ tọ̀hún létí. Èmi á kọ́kọ́ dí gbogbo ojú ibi tó sán, kí n tó máa fi àwọ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ ara kì í ṣe ẹyọ kan. Pupa díẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ àgbọ̀n sì máa ń ṣú, ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ère amọ̀ ló máa kùn. Nígbà tí mo kun ti ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ara mi ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà láti fi wo àwọ̀ rẹ̀. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Nígbà tí ọdún yípo, ó ní kò bójú mu kí ọmọ òun ṣì máa wọ ṣòkòtò péńpé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fọmọ fọ́kọ. Ó ní kí n jẹ́ kó dàgbà.

Mo jẹ́ kó dàgbà. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ìyá mi á fa àga tì mí, á máa sọ ohun tó kàn: irùngbọ̀n lọ́dún kan, awò ojú lọ́dún mìíràn, ikùn díẹ̀ lọ́dún kẹta, kí ayé má baà rò pé ìyà ń jẹ ọmọ òun. Àwọn fọ́tò náà tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri pálọ̀. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ojú àgbà rẹ̀, èmi obìnrin, jígí ni mo ń wò tí mo fi ń yà á. Bí ojú mi ṣe ń hunjọ ni tirẹ̀ ń hunjọ.

Ẹ má rò pé orí ìyá mi dàrú. Ó mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí ju bó ṣe mọ ibi tó gbé awò rẹ̀ sí lọ. Ó kàn fẹ́ máa rí i ni. Àràárọ̀ ló ń kí i, bí mo bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fẹjọ́ mi sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dá mi láre rí.

Oníférémù ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Òun ló ń ṣe férémù fún gbogbo iṣẹ́ mi. Opó ọkùnrin ni, kì í pariwo, òórùn gọ́ọ̀mù kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Pátákó ni ìyá mi ń pè é lẹ́yìn. Oníférémù fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó sì ní ká jọ lọ, ká fẹ́ra, kí n máa kùn, kí òun máa kàn. Mo fẹ́ lọ. Ìyá mi kì í ṣe aláìsàn, ó ń fọ aṣọ ara rẹ̀, àwọn ayálégbé inú ilé sì ń kẹ́ ẹ bí ẹyin. Mo bá sọ fún un.

Kò bínú. Ó bu omi mu, ó gbójú sókè wo ògiri.

"Bó o bá lọ, ta ló máa ya ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Mo ní mo lè máa yà á láti ọ̀hún, kí n fi ránṣẹ́. Ó mi orí.

"Èmi gbọ́dọ̀ jókòó tì ẹ́, kí n máa júwe ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tó dé yìí náà ló máa dúró sí. Àbúrò, ṣé o fẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo padà sínú yàrá iṣẹ́ mi. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, àwọn férémù tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà sì ti dí i pa. Inú bí mi sí òkú, mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ó bí mi gan-an. Òun ló kú, èmi ni wọ́n sin.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Inú ìbínú yẹn náà ni mo ti ronú pé kì í ṣe òkú nìkan ni kì í sí nílé. Ọmọ tó rìnrìn àjò náà ò sí nílé, ìyá rẹ̀ kì í sì í pè é ní òkú. Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi pé àádọ́ta, ìyá mi ní kí n fi ewú sí i lẹ́bàá etí. Mo fi ewú sí i. Nígbà tí ìyá mi dìde, mo wọ̀ ọ́ ní kóòtù, mo gbé báàgì lé e lọ́wọ́, mo mú un dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa gan-an, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pẹ́ lórí bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ bàtà ẹni tó ti múra tán.

Oníférémù fi férémù sí i, ó gbé e wá, ó sì dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ti fẹnu kò pé bí ìyá mi bá gbà á, a ó sọ tiwa lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi wọ awò rẹ̀, ó wò ó títí.

"Níbo ló ń lọ?"

"Iṣẹ́ ló rí sí ìlú míì, Mọ́mì. Kò ní lè máa ya fọ́tò lọ́dọọdún mọ́."

Ó fi àtàǹpàkò nu ibi tí báàgì wà lójú dígí, bí ẹni pé eruku ló bà síbẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó tó àkókò, àgbàlagbà ọkùnrin tó ṣì ń bá ìyá rẹ̀ gbé, kí làwọn ará àdúgbò ò ní wí? Ó súre fún un pé kó lọ re, kó bọ̀ re. Oníférémù wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọdé.

Ìyá mi ní kí Oníférémù bá òun sọ àwọn fọ́tò tó kù kalẹ̀ lára ògiri. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn, awò ojú, irùngbọ̀n, títí tó fi kan ọmọ kékeré tó káwọ́ gbera. Ògiri funfun níbi tí wọ́n ti kúrò. Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ti dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì le.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ó wí. "Ọ̀kan ti lọ. Ó ku ìwọ."

Ó ní kò dáa kí ògiri ṣófo bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ya ara mi síbẹ̀, fọ́tò ńlá kan, kí n jókòó sórí àga, kí n má sì gbé báàgì kankan lọ́wọ́. Ó ní kí Oníférémù wọn ibẹ̀ kó tó máa lọ.

Oníférémù dúró, ó ń wò mí. Nígbà tí mi ò sọ nǹkan kan, ó fa téèpù rẹ̀ yọ, ó sì wọn ògiri náà.