Èdè Tí Radovan Kò Gbọ́

Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Ọmọ́yẹni ti kọ́kọ́ rí Radovan, ní Cyprus, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ìpéǹpéjú ọkùnrin náà tán ni, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, síbẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni bóyá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Wọ́n ní kò wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn lọ.

Dífẹ́ńdà ni, ọmọ ilẹ̀ Serbia, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kì í sáré bá ya fọ́tò, àmọ́ tí gbogbo kóòṣì ń wá kiri bí iná bá ti jó dé orí koko. Kó tó dé Cyprus, ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Hungary, ó ti gbá a ní Greece. Lẹ́yìn tí òun àti Ọmọ́yẹni ṣègbéyàwó, wọ́n gbé Kazakhstan, níbi tí òtútù ti ń fa omi lójú ẹni. Wọ́n gbé Vietnam. Wọ́n gbé Oman. Bí àdéhùn kan bá ti tán, Radovan á ti pápá dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Yẹni, à ń lọ." Kì í béèrè. Ọmọ́yẹni náà kì í jiyàn. Á ká aṣọ, á kó ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ, á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, níbi tí wọ́n á ti ní kó tún ìdánwò ṣe bí ẹni tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí.

Sharjah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni Ọmọ́yẹni ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà yẹn, Radovan ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì ti di kóòṣì. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì ló gbà á. Ọmọ́yẹni rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n gba ilé ní Al Nahda, ó ra àga, ó sì ra fìríìjì ńlá kan.

"Èyí ò ṣeé gbé wọ bàálù o," ló wí fún ọkọ rẹ̀.

Radovan fọwọ́ gbá fìríìjì náà pẹ́pẹ́, ó ní ó dáa.

Ilé ìwòsàn yẹn ló ti pàdé Waheed. Ọmọ Mushin ni Waheed. Agent kan ló mú un wá sí Dubai pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń dúró dè é. Ó dé, kò bá ẹgbẹ́ kankan. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ sórí pápá oníyanrìn, ó wá di ẹni tó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù ní ọjà Naif, tó ń sùn sí bedspace, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó rẹ́ǹtì nínú yàrá èrò, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Lọ́jọ́ tó wá fi orúnkún han dókítà, ó gbọ́ tí Ọmọ́yẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àfi bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja, láàárín àwọn aláìsàn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yìí."

Inú Ọmọ́yẹni yọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ Radovan pé kó mú ọmọ náà ṣe igbákejì.

"Ẹni tí màá bá ṣiṣẹ́, ojú ara mi ni mo fi ń yàn án," Radovan dáhùn.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tá a ti ń rìn kiri ayé, kí ni mo bẹ̀ ọ́ fún rí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Radovan mú Waheed wọ pápá.

Kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Bó ṣe ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń kọ́ Waheed náà. "Má wo bọ́ọ̀lù," ló máa ń wí. "Bọ́ọ̀lù lè parọ́, ojú lè parọ́, ẹsẹ̀ lè parọ́. Ìbàdí nìkan ni kì í parọ́. Ibi tí ìbàdí bá kọ sí ni ọkùnrin yẹn ń lọ." Waheed yára gbọ́ nǹkan. Kò pẹ́ tó fi di pé òun ló ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kóòṣì fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú yẹ̀yẹ́ àti Lárúbáwá díẹ̀díẹ̀ tó ti kọ́ ní ọjà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń jẹun nílé wọn. Ìgbà yẹn ni Ọmọ́yẹni mọ bí ọkàn òun ti gbẹ tó. Ọdún pọ̀ tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín. Ètè nìkan ni irú ẹrín bẹ́ẹ̀ ń dé. Òun àti Waheed á dá àpárá, wọ́n á bú àwọn agent, wọ́n á sín ọ̀gá wọn jẹ. Radovan á jókòó, á máa jẹun, á máa wo ẹnu wọn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Kí lẹ sọ?" á béèrè.

"Kò sí o. Ọ̀rọ̀ ilé ni."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Radovan sùn lọ lórí àga, tí fídíò ìdíje tí wọ́n pàdánù sì ń dá ṣeré níwájú rẹ̀. Ọmọ́yẹni wò ó, ó mi orí. "Wo bàbá yìí, Waheed. Ó ti tán nínú ẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí, bọ́ọ̀lù ló wá ń gbá a báyìí." Waheed rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Radovan la ojú, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì tún pa ojú dé.

Ní àsìkò yẹn, nǹkan ò rọgbọ fún ẹgbẹ́ náà mọ́. Wọ́n pàdánù nílé, wọ́n pàdánù níta. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì nínú ilé gogoro kan ní Dubai Marina, níbi tí àwọn tó sún mọ́ ọn ti máa ń jókòó mu tíì nírọ̀lẹ́. Radovan kì í lọ síbẹ̀. Ó ní orí pápá ni iṣẹ́ kóòṣì wà. Waheed ń lọ. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sọ pé "habibi", ọ̀rẹ́ mi, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pe Radovan sí ọ́fíìsì yẹn. Nígbà tó délé, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá.

"Khalas," ló wí. Ó ti parí.

Ọmọ́yẹni sáré dì mọ́ ọn. "Àwọn tó lé ọ ni wọ́n pàdánù, kì í ṣe ìwọ." Radovan yọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá ń wò ó bí ẹni tó ń wo agbábọ́ọ̀lù alátakò tí òun kò tíì mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ọmọ́yẹni rò pé ìbànújẹ́ ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló rí i lórí WhatsApp, níbi iṣẹ́. Waheed ló wọ aṣọ ẹgbẹ́, tó fi fèrè kọ́ ọrùn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Alhamdulillah. Head coach. Ẹ bá mi dúpẹ́.* Ọmọ́yẹni jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ rí i.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà kan ní Al Karama ni Waheed gbà láti pàdé rẹ̀. Bó ṣe wọlé, ọmọ náà fò dìde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Jókòó," Ọmọ́yẹni wí. "Má dójú tì mí níbí."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Òyìnbó Portugal kan ni wọ́n fẹ́ mú wá. Tí mo bá kọ iṣẹ́ náà, èèyàn tiẹ̀ ni òyìnbó yẹn máa kó wá, wọ́n á cancel visa mi. Ṣé kí n padà sí Naif ni?"

"Mi ò bi ọ́ léèrè Naif. Nígbà tí wọ́n bi ọ́ nípa ọkọ mi, kí lo sọ?"

Waheed ń fi ṣíbí ro tíì tí kò fi ṣúgà sí. "Wọ́n bi mí bóyá agbára iṣẹ́ yẹn ṣì wà lára wọn."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní èmi ò mọ̀. Mo ní... mo ní ìyàwó wọn fúnra wọn sọ pé ó ti tán nínú wọn."

"Àwàdà ni mo ń ṣe, Waheed."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò parọ́ mọ́ yín."

Gbogbo èébú tó ti tò sílẹ̀ láti Sharjah wá, kò rí ẹyọ kan lò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ gan-an ni ògiri. Ó dìde, ó wọ metro lọ síbi tó ti máa rí bọ́ọ̀sì Sharjah, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láàárín èrò.

Radovan ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì nígbà tó délé.

"Waheed ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́," Ọmọ́yẹni wí.

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù mi ló sọ fún mi pé ó ń lọ sọ̀rọ̀ mi ní Marina."

"O mọ̀, o sì ń jókòó bá a jẹun! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Radovan gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo rò pé ìwọ náà mọ̀ ni. Ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ń wò mí, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Dífẹ́ńdà ni mí, Yẹni. Bí èèyàn méjì bá jọ ń bọ̀ wá bá mi, mo máa ń mọ̀."

Ọmọ́yẹni fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra. Ó sunkún. Radovan ní òun gbà á gbọ́. Ó sì wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Lọ́jọ́ tí mo sùn lórí àga, kí lo sọ fún un tó fi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?"

Ó lè parọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà mọ́ tó lè já irọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀fẹ̀ nínú, ó ní àánú, ó tilẹ̀ ní ìfẹ́. Nígbà tó fi máa dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gún rẹ̀ nìkan ló kù.

"Òótọ́ ni," Radovan wí, ó sì padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, ẹnì kan tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù rí pè é sí Uzbekistan pé kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó jáde wá láti yàrá, ó ní, "Yẹni, mo ń lọ." Ọmọ́yẹni dúró kó tún ọ̀rọ̀ kan fi kún un. Kò fi kún un. Òun náà ì bá ti sọ pé kí àwọn jọ lọ, ṣùgbọ́n kò wí i, nítorí apá kan ọkàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé ọkọ rẹ̀ máa ní kí òun wá, kí òun sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ìyẹn gan-an ló wá ń dùn ún jù. Ó sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú Sharjah. Radovan fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀, bí ẹni tó ń kí àna.

Radovan ń pè é láti ọ̀hún. Ó ń sọ ti yìnyín fún un, ti búrẹ́dì ibẹ̀, ti ọmọ kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ìpè náà ń kúrú sí i. Ṣíjú, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, máa ń bi Ọmọ́yẹni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ̀ ń lọ bá ọ̀gá?" Á dáhùn pé, "Tó bá ti ní kí n máa bọ̀." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ti ẹgbẹ́ Sharjah, wọ́n ń borí báyìí. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ń yin Waheed pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ le bí òkúta.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ọmọ́yẹni ń ra ẹja ní supermarket nígbà tí obìnrin kan tó lóyún kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Waheed lọ́ọ̀ọ́kán tó dúró ti kẹ̀kẹ́ ọjà, tó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà," obìnrin náà wí. "Ganiat lorúkọ mi, ìyàwó Waheed. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ sọ àwọn dèèyàn ní ìlú yìí. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín, mà. Bẹ́ ẹ ṣe tún ilé wa ṣe, Ọlọ́run á tún tiyín náà ṣe."

Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Àmín," Ọmọ́yẹni wí. Ó fà á dìde nítorí oyún inú rẹ̀, ó gbé ẹja rẹ̀, ó sì lọ tò síbi tí wọ́n ti ń sanwó.