Ọjọ́ Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Kúlà ìrẹsì wa ló kọ́kọ́ sọ pé ká má lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní gbogbo ọmọ iléèwé tó wà nílùú ló ń lọ sí ọgbà ìṣeré lọ́jọ́ Ajé, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe àga níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó bi í. Èmi ni mo máa ń ṣètò nínú ilé wa, láti orí àsè Kérésì títí dé orí ẹni tó máa lọ rọ gáàsì, mi ò sì fẹ́ràn kí ohun èlò ìdáná máa dá sí ọ̀rọ̀ mi.

Ìsinmi gígùn ti wọlé. Mo ti ṣèlérí fún Ìyìnolú, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, pé a máa lọ gun àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà ní ọgbà náà, èyí tó ń gbé èèyàn yípo lórí àga títí tí wọ́n á fi máa rí òrùlé gbogbo ìlú. Ọdún kejì nìyí tí mo ti ń sọ ọ́. Mi ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n ti yẹ àdéhùn fún èmi náà rí nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò sì tíì gbàgbé bó ṣe rí lára mi.

Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá ìdáná kún fún èèyàn. Orí àwọn ọmọdé ń yọ jáde nínú àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé fìlà bébà, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ ariwo wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun há débi pé ìyá kan ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọjọ́ Ajé kó lè ráyè mí. Mo ń fi ìka tọ ìlà náà, mo ń wá àyè èèyàn mẹ́ta péré, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa. Níkẹyìn, mo rí ọjọ́ kan láàárín Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní nọ́ńbà, kò sì sẹ́ni kankan nínú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo ní àwọn ìyá tó kù kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo kàlẹ́ńdà ni. Mo fi bírò yí ọjọ́ náà ká.

Kúlà ń wò mí. Ó kàn pa ìdérí ara rẹ̀ dé.

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yọ jáde lábẹ́ kàlẹ́ńdà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ọgbà náà sókè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má mú ajá wá. Ẹ má mú agboòrùn wá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gba orí kọjá kan etí kejì kò ní wọlé.

Mo mọ òfin yẹn. Nígbà tiwa, òun ni wọ́n fi ń gba ọmọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n á ní kó o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí, kó o fi ìka kan etí òsì. Bàbá mi, tó ń tún rédíò ṣe nílùú Ìkìrun, ló mú mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ọwọ́ mi ò dé etí. Ọ̀gá iléèwé, Ìyáàfin Odùkọ̀yà, fi rúlà wọn àlàfo tó kù, ó ní, "Kò tíì tó. Ẹ mú un padà lọ́dún tó ń bọ̀." Mo sunkún láti ibẹ̀ délé. Bàbá mi gbé mi sí èjìká, ó ní kí n má sunkún mọ́, pé kí ìsinmi gígùn yẹn tó parí, òun á mú mi lọ wo erin ní Ìbàdàn. Kí ìsinmi náà tó parí, ó ti kú. Mo bínú sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa bínú sí òkú nítorí erin, àmọ́ mo bínú, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mi ò fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ Ìyìnolú ṣeré. Mo gbé e jókòó sórí tábìlì, mo fi òróró pa á lápá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa apá náà. Ó ń gùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò, àmọ́ bí mo bá ti fi í sílẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà. Ìbú ìka kan péré ló kù kó kan etí. Mo wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Mo ní bí wọ́n bá ti ní kó gbé ọwọ́, kó rọra tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò ní mọ̀. Ó tẹ orí. Ìka rẹ̀ kan etí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín bí olè tó rí ọ̀nà wọlé.

Bàbá mi jáde láti inú yàrá kékeré tí a ń kó ẹrù sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsọ̀, ó sì wọ sálúbàtà tó fi wáyà rédíò so. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà. Èmi ti lé lógójì. Síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò fi pè mí mọ́.

Mo ní, "Ẹ mà pẹ́ o."

Ó ní, "Èrò ló pọ̀ lọ́nà. Mo wá nítorí erin yẹn."

Ó na ọwọ́ sí Ìyìnolú, ọmọ náà sì dì í mú bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Etí kan náà ni wọ́n ní, etí tó yọ síta díẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí òkú bá ní kó o bá òun lọ lójú àlá, o ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ojú àlá ni mo wà. Ohun tí mo ń rò ni pé tíkẹ́ẹ̀tì wa ò ní tó, nígbà tí mo sì tún un wò, ó ti di mẹ́rin.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ti gùn. Ilẹ̀kùn yàrá ò sí mọ́, koríko ló wà lọ́tùn-ún lósì, ògiri ti lọ tán. Ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ wá ibi tí òun máa gbé mọ́tò sí. Inú pálọ̀ la ṣì wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì wa mọ́tò gba ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde. Kúlà ti wà lọ́wọ́ òsì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rántí ìgbà tí mo gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

A débẹ̀, a bá ìlà gígùn. Inú bí mi. Ọjọ́ tí mo dìídì ṣà jáde nítorí èrò, òun ni gbogbo èèyàn tún wá. Ìlà náà yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń làágùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì, kò sì sí ọmọ kankan tó ń sunkún. Bàbá onílé wa àtijọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó béèrè bóyá a ti tún òrùlé yẹn ṣe. Mo ní a ti tún un ṣe. Ó ti rìn síwájú kí n tó rántí pé nígbà òjò tó kọjá la sin ín. Mo wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ayàwòrán tó ya fọ́tò ìgbéyàwó mi ni. Òun náà ti kú. Mo wo géètì ọgbà náà níwájú. Ilẹ̀kùn iléèwé wa ni, ó ṣì ní ọ̀dà búlúù lára. Ìyáàfin Odùkọ̀yà jókòó sídìí tábìlì níwájú rẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Èmi fúnra mi jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú rẹ̀.

Nígbà náà ló yé mi irú ọjọ́ tí mo mú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì Ìyìnolú mú, mo sì fẹ́ yí padà, àmọ́ ìlà náà ti gbé wa dé iwájú tábìlì.

Wọ́n kọ́kọ́ wọn bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá, ó kan etí, ó tún sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ìyáàfin Odùkọ̀yà ní kó wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ Ìyìnolú ṣì wà nínú tirẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ Bàbá Rédíò, gbé ọwọ́ rẹ."

Kúlà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Má gbé mi sílẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ò ṣófo. Kúlà ló wà nínú ọ̀kan, ọmọ ló wà nínú ìkejì."

Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ní, "Ó dáa. Ọmọ ńkọ́?"

Ìyìnolú gbójú sókè wò mí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, mo rí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí láìpariwo, àwọn àga pálọ̀ wa ló wà lára rẹ̀. Ojú ọmọ náà ń dán. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n tẹ orí?"

"Má tẹ̀ ẹ́!" Mo pariwo débi pé ìlà náà yíjú. "Na ọrùn rẹ dáadáa. Gbé orí sókè, Ìyìn."

Ó gbé orí sókè. Ó jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn, Ọlọ́run ló ṣe é. Ó gbé ọwọ́ gba orí, ó ń na ìka, ó ń na ìka. Mi ò gbàdúrà báyẹn rí láyé mi, kí ọwọ́ ọmọ mi kúrú. Ìyáàfin Odùkọ̀yà gbé rúlà sí àlàfo tó kù, ó fi ojú kan wò ó.

"Kò tíì tó," ni ó wí. "Ẹ mú un padà."

Mo kúnlẹ̀ tòun ti kúlà. Mo ní ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé gan-an, a ò ní pẹ́ níbí mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tó pa mí lẹ́kún lọ́mọdé ló wá tù mí lára bí omi tútù. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyìnolú ní tirẹ̀ bú sẹ́kún, òun nìkan lọmọ tó sunkún ní gbogbo ìlà yẹn, àwọn tó tò síbẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó gbọ́ orin tí wọ́n ti gbàgbé.

Bàbá mi fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Kò fà á. Ó kàn fọwọ́ nu ojú rẹ̀ fún un.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

Mo ní, "Mo ti rí erin, Bàbá. Nígbà tí mo dàgbà, mo wọkọ̀ lọ fúnra mi. Mo dá lọ ni." Mo wá sọ òótọ́ tó kù. "Inú bí mi sí yín fún ọdún púpọ̀. Kò bí mi mọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó sì wọlé bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí èmi máa ń jókòó sí wo ìròyìn, àgbá kẹ̀kẹ́ náà gbé e lọ sókè, ó ń juwọ́ sí wa títí tí a ò fi rí i mọ́. Nígbà tí àga náà padà wálẹ̀, erin kan ló jókòó sórí rẹ̀. Ó kó ẹsẹ̀ jọ dáadáa, ó sì kọjú sí wa. Ìyìnolú dákẹ́.

Ọkọ mi fun fèrè mọ́tò lẹ́yìn wa. Ó yọrí jáde, ó ní òun ò rí ibi kankan gbé e sí, gbogbo ibẹ̀ ló kún. Mo ní ọpẹ́ ni. Ó tún fun fèrè náà, mo sì lajú.

Oòrùn ọ̀sán wà nínú pálọ̀. Orí àga yẹn gan-an ni mo sùn lọ sí, ìwé tí mo ń kọ ètò wa sí wà láyà mi, ọkọ mi sì ń fun fèrè níta pé ká wá ṣí géètì. Ìyìnolú dúró síwájú mi pẹ̀lú òróró lápá. Ó gbé ọwọ́ gba orí, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ìka rẹ̀ wà lára etí.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. Ó ti kàn án."

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tó ṣófo mú orí rẹ̀, mo gbé e nàró. Ìka rẹ̀ kúrò lára etí. Àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀, ìbú ìka kan géérégé, mo sì fẹnu kàn án níbẹ̀.