Ohùn Ìyá Kò Ní Kúrò Níbẹ̀

Ọ̀gá Ọládépò ló ń kọ́ wa ní ìmọ̀ èdè ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1988, òun ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí mi kí n tó gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé ká béèrè orúkọ nǹkan kan náà lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, ká gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, ká wá fi èdè kan wé èkejì, ká wo ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yà. Mo gba ohùn àwọn oníṣòwò ní ọjà Akẹ̀sán. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba ti Ràmọ́tà, ìyá Mìkáílù ọkọ mi, tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà ní Sábó.

Ọ̀gá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó gbọ́ pé ará Kánò ni bàbá tó bí Ìyá ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n yọ wọ́n kúrò lábẹ́ Yorùbá, kí n kọ wọ́n sábẹ́ Haúsá.

Haúsá kẹ̀? Ìyá tí wọn ò gbọ́ ju ìkíni lọ? Bí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn, Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń bú u. Mo mọ̀, torí wọ́n ti bú mi rí.

Mi ò yọ wọ́n. Ọ̀gá bá wọkọ̀ wá sí Sábó fúnra rẹ̀, ó bá èmi àti Ìyá níwájú ilé wọn níbi tí wọ́n ń pàtẹ sí, láti yan ẹlòmíràn.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ má bínú. Bí a bá fẹ́ fi èdè wé èdè, ẹni tó jẹ́ Yorùbá tìyá-tìbaba là ń wá."

"Mo gbọ́ yín, Tíṣà." Ìyá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, yọ mí kúrò jàre. Ṣáà gba ìwé ẹ̀rí rẹ."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Obìnrin tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó bímọ síbẹ̀, tó sin òkú síbẹ̀, ló ń bẹ̀ mí pé kí n pa òun rẹ́.

"Mi ò ní yọ wọ́n, sà."

"A jẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ sí i nìyẹn, Victoria."

"Ẹ má fọwọ́ sí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èdè wo lẹ gbọ́ nílé yìí? Ọmọ ọmọ wọn ló wà níkùn mi. Ṣé ẹ óò dúró kí n bí i, kẹ́ ẹ wá yọ òun náà?"

Mo fa àga fún Ìyá, mo tan ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì níwájú wọn.

"Ìyá, ibi tí èèyàn ń gbé, kí lẹ ń pè é?"

Wọ́n wo Ọ̀gá, wọ́n wò mí.

"Ilé," ni wọ́n wí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, kó lọ sókè dáadáa.

Wọ́n tún un sọ, gbogbo Sábó gbọ́.